Ọwọ́ Wo Ló Kọ́kọ́ Gbọ̀n?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yìí, kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín kí nọ́ọ̀sì tó pè wá wọlé. Àlá náà kò bá ojú ayé mu rárá, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Oorun ló gbé e wá, èmi kàn bá a lọ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ mí, fọkanáísà ni mí ní Ìkìrun. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí yìí, tó ń fojú bá mi wí pé kí n má sọ púpọ̀, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, ọmọ mi ni, ìyá rẹ̀ sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lóṣù tó kọjá. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni wárápá ti ń gbé e. Oríṣi oògùn mẹ́ta ló ti lò, ó sì lò wọ́n bí wọ́n ṣe ní kó lò wọ́n, síbẹ̀ àìsàn náà kò lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká wá síbí, bóyá iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe rí. Ènìyàn mẹ́rin péré ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún lọ́dún yìí, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ nílẹ̀ wa, irinṣẹ́ náà kò sì tó.

Nígbà tí a wá kẹ́yìn, Dókítà Olúfadé fi àwòrán inú orí Ìbídùn hàn mí. Àpá kékeré kan wà lápá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀. Dókítà ní bó bá jẹ́ ibi àpá yẹn ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi lè wà lára àwọn mẹ́rin. Bí kì í bá ṣe ibẹ̀, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án, torí wọn kì í la orí ọmọ ọlọ́mọ dánwò. Ó ní apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí apá òsì ara, apá òsì ló sì ń darí apá ọ̀tún. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wo ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n?” Mo gbé ìbéèrè náà relé, mo jẹun pẹ̀lú rẹ̀, mo sùn pẹ̀lú rẹ̀, àfi bó ṣe bá mi wọ inú àlá.

Nínú àlá yìí, ọ̀sán gangan ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fẹ́ táyà kan tó ga ju ilé wa lọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa mí kí ẹ máa lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń yan aláìsàn ti jókòó.”

Mo ní, “O ṣeun. Ṣé o ti mu epo?”

Ó ní òun ti mu díẹ̀. Mo pa á, mo sì tì í mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, torí ẹ̀rọ tó bá lè rán ènìyàn létí ìpàdé, bí olè bá gbọ́, wọn kò ní fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo máa yíjú, ọsibítù yìí gan-an ló wà ní Ìkìrun, ṣùgbọ́n kò sí nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, wọ́n sì so ó mọ́ òpó iná kó má baà gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jókòó sídìí òpó, ó ń họ etí.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Àtẹ̀gùn wa ti lọ jẹun. Okùn ni ẹ máa gùn.”

Mo ní, “Ṣé okùn náà á gba èmi àti ọmọ mi?”

Ó ní, “Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní káàdì ló máa ń gbà.”

Kí n tó fọwọ́ wá káàdì lápò, Ìbídùn ti fi eyín há a, ó sì ti gun okùn dé ìdajì. Mo tẹ̀ lé e. Okùn náà ń mí bí ẹni tó ń sùn, n kò sì bínú sí i.

Yàrá tí ìgbìmọ̀ wà tóbi tó pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn aláìsàn láti gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, àwọn ìyá ń gbé ọmọ pọ̀n, àwọn ọkọ ń di ìyàwó wọn mú. Àga mẹ́rin ló wà níwájú. Mẹ́rin yẹn náà ni. Mo lọ bá èyí tó sún mọ́ mi jù, mo ní, “Ẹ̀yin mẹ́rin péré fún gbogbo ogunlọ́gọ̀ yìí?”

Àga ní, “Bàbá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Igi ni mí. Èmi kọ́ ni mò ń yan ẹni tó máa jókòó.” Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá a nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Kò sí ibi tí a fẹ́ lọ tí a kì í kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ ẹnìkan níbẹ̀. Oníkálukú ló mú lẹ́tà dání: lẹ́tà olórí àdúgbò, lẹ́tà pásítọ̀, lẹ́tà lèmọ́ọ̀mù, lẹ́tà ẹni tó bá àbúrò káńsẹ́lọ̀ kàwé. Èmi náà mú ti akọ̀wé baálẹ̀ wa lọ́wọ́, mo ká a sínú ọ̀rá kó má baà tutù. Alága ìgbìmọ̀ ló ń gbà á. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, agbádá funfun ló wọ̀. Ṣùgbọ́n kò ka lẹ́tà kankan. Ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ ọ̀kan, irùngbọ̀n rẹ̀ á gùn sí i. Nígbà tó jẹ ẹ̀kẹwàá, ìwo méjì gbé fìlà rẹ̀ sókè. Nígbà tó fi máa kàn mí, ewúrẹ́ ni Alága, agbádá náà sì ti gùn jù fún un.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága.”

Ó ní, “Mẹ̀ẹ̀. Ẹ ṣeun. Tiyín dà?”

Mo fún un. Ó rún un títí, ó pa ojú dé, ó ní, “Akọ̀wé baálẹ̀ yín mọ iyọ̀ fi sí ọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Ṣé wọ́n ti yan ọmọ mi nìyẹn?”

Ó ní, “Rárá o. Mo kàn jẹun ni.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń jẹ lẹ́tà ènìyàn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fúnni.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ yàrá náà ti di omi. Dókítà Olúfadé gba inú omi náà wọlé, ó ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún. Ó ní, “Ẹ gbé lẹ́tà kúrò fún mi. Lẹ́tà kì í ní wárápá. Orí ni mo fẹ́ wò.” Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán ni gbogbo omi náà kó ara rẹ̀ jọ, ó wọ inú agbada ńlá kan lọ. Mo wo agbada náà dáadáa, mo dá a mọ̀. Agbada tí mo fi ń wá ojú ibi tí táyà ti ń jò ni, ó tilẹ̀ ṣì ní ibi tí mo fi ọ̀dà dí létí rẹ̀. Mo kí i, ó kí mi.

Dókítà yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ọ̀gá níbí. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?”

Ha! Orí mi wú. Ẹ̀yin ará ibí yìí, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni tó kàwé ti bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan. Mo gbọn aṣọ mi, mo ní, “Dókítà, a kì í bá táyà jà. Ẹ rì í sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi rú. Ẹ dákẹ́ kí ẹ wo ibi tí omi ti ń hó. Bó bá jẹ́ ojú kan ló ti ń hó, ẹ lẹ páàṣì mọ́ ọn, ó parí. Bó bá jẹ́ ojú ogún, páàṣì kò ràn án, ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe sí i.” Gbogbo akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Alága náà fi pátákò kọ tirẹ̀.

Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí bọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin onígbàjámọ̀ kan ló kọ́kọ́ ṣe é. Omi hó yí i ká bí ìkòkò ìrẹsì. Dókítà ní, “Ẹ má bínú, ibi púpọ̀ ni tiyín ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ti abẹ. A ó pààrọ̀ oògùn yín, a ó sì máa ṣọ́ yín.” Onígbàjámọ̀ ní kò burú, pé omi náà tilẹ̀ tu òun lára. Ìyá kan tẹ̀ lé e, omi kò hó rárá.

Dókítà ní, “Ìyá, oògùn yín ńkọ́?”

Ìyá ní, “Ìgbà tí ara mi yá ni mo dá a dúró.”

“Ẹ padà sí i, Ìyá. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí ara yín yá. Kò yẹ kí a fi abẹ kàn yín.” Agbada mi fẹ́ fi ìyá náà rẹ́rìn-ín, mo gbá a létí, torí mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ó kan Ìbídùn. Ó tú irun rẹ̀, ó ti orí bọ omi. Gbogbo wa na ọrùn síbẹ̀. Omi kò mì. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó lápá ọ̀tún, ojú kan péré, tín-ín-rín, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo pariwo. Mo ti rí irú jíjò bẹ́ẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, mo sì mọ̀ pé kì í bá páàṣì jà. Àga tí mo nu eruku rẹ̀ dìde, ó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Alága fi pátákò gbá tábìlì. “Dúró! Mẹ̀ẹ̀. Àwòrán àti omi kò tó. Ara fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Bàbá, ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n?” Àga náà dúró sójú kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, n kò mọ̀ lójú àlá, n kò sì mọ̀ lójú ayé. Fún odindi ọdún mọ́kànlá, bó bá ti ń gbé e, ohun tí ilé wa máa ń ṣe ni pé a ó sáré fa ìró ìyá rẹ̀, a ó fi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí ará àdúgbò má baà rí i. Ìtìjú ni. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa ìdílé tí wárápá bá wà. A ó wá dúró yí aṣọ náà ká títí yóò fi dákẹ́. Ọmọ tí mo bí ń jà lábẹ́ aṣọ, aṣọ ni mo ń wò. Ó dùn mí nínú àlá yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọlọ́kadà kan tó jẹ́ oníbàárà mi dìde láàrin èrò. “Bàbá Ìbídùn, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń lé wa ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ ní ká má wá máa wí pé táyà ń jò, ká fi ibi tó ti ń jò hàn yín?” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín, omi ń kán lórí rẹ̀.

Dókítà ní kí a pe ẹlẹ́rìí. Láṣùpọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ẹni tí ògiri ilé wa kan tirẹ̀. Ó ní, “Èmi ò rí nǹkan kan. Bó bá ti ṣubú ni mo máa ń sá, torí wọ́n ní itọ́ rẹ̀ máa ń ranni.”

Dókítà ní, “Kì í ranni rárá.”

Láṣùpọ̀ la ẹnu sílẹ̀. “Áà! A jẹ́ pé ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sáré lásán.” Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

Ṣíbí ilé wa ló tẹ̀ lé e. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní, “Wọ́n máa ń tì mí bọ ọmọ náà lẹ́nu. Eyín nìkan ni mo rí. Ọbẹ̀ ni wọ́n rà mí fún.”

Dókítà ní, “Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu.”

“Ẹ bá mi sọ fún wọn o,” ni ṣíbí wí. Ojú tì mí, mo ní kó má bínú.

Nígbà náà ni ìró ìyàwó mi wọlé. Kò sí ẹni tó ró o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn, ó ti fi áyọ̀ọ̀nù lọ ara rẹ̀, kò yára, kò ṣojo. Ó dúró níwájú Alága. Ó ní, “Èmi ni wọ́n máa ń fi bò ó. Gbogbo wọn á wà lókè, èmi á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ta lẹ rò pé ó rí i?”

Alága gbàgbé láti jẹ lẹ́tà tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìró ní, “Kó tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà á ní òun ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Bàbá rẹ̀ á rò pé aṣọ iṣẹ́ òun ló ń rùn, á sáré lọ wẹ̀.” Òótọ́ ni. Mo ti wẹ̀ títí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lára. “Lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òun nìkan ni o. Lẹ́yìn náà gbogbo ọwọ́ òsì, ẹnu á sì wọ́ sápá òsì, kí gbogbo ara tó wá gbọ̀n. Kò fìgbà kan bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún rí. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi, kò kàn sí ẹni tó bi mí léèrè ni.”

Dókítà gbé àwòrán sókè, àpá wà lọ́tùn-ún. Ìró gbé etí òsì rẹ̀ sókè. Àwòrán àti ìró bọ ara wọn lọ́wọ́. Dókítà pariwo pé, “Wọ́n bára mu!” Ẹ wá wo ayọ̀! Àga sáré wá, ó gbé Ìbídùn jókòó bí ìyàwó tuntun. Alága na ẹsẹ̀, ó tẹ pátákò mọ́ orí ìwé, ó ní, “Ó wọlé! Mẹ̀ẹ̀!” Ewúrẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn kedere. Okùn já lára òpó iná, gbogbo ọsibítù gbéra, a ń fò lórí Ìkìrun. Gbogbo fọkanáísà ìlú ń tú atẹ́gùn sókè láti kí wa. Onígbàjámọ̀ ń bá ṣíbí jó. Láṣùpọ̀ ń sáré lórí afẹ́fẹ́, ó ní ẹsẹ̀ òun kò tíì mọ̀ pé ó ti tán. Dókítà na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ fún mi ní páàṣì yín tó kéré jù lọ.” Mo gé e, kò ju èékánná lọ, mo fi sí i lọ́wọ́. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo fi gbogbo agbára kígbe pé, “Ọmọ mi wọlé!”

Ẹnìkan ń gbọ̀n mí léjìká. Mo lajú. Ilẹ̀ ti ń mọ́, àkùkọ ti kọ tán. Ilé àbúrò ìyàwó mi nílùú yìí ni a sùn sí nítorí ìpàdé òní. Ìbídùn ló dúró lé mi lórí.

Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀ ń pariwo. Mo sì tún ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó.”

Mo gbé apá sí imú. Ọṣẹ ni mò ń rùn. Ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Ìkìrun, kò sí rọ́bà kankan nínú yàrá yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo rọra gbé e dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ti àpótí tó wà níbẹ̀ sápá kan. Ìyá rẹ̀ ti ta jí, ó sì ti ń tú ìró láyà. Mo di etí aṣọ náà mú.

Mo ní, “Ìyá Ìbídùn, má bò ó. Wá bá mi wò ó.”

Ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Wọ́n máa rí i o.”

“Kí wọ́n rí i.”

A jókòó sílẹ̀, èmi àti ìyá rẹ̀, a fi ojú sí i. Ẹ̀rù bà mí ju ti gbogbo ìgbà yòókù lọ, torí n kò wò ó rí. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ mì. Òun nìkan. Lẹ́yìn náà gbogbo ọwọ́ òsì náà, lẹ́yìn náà ẹnu wọ́ sápá òsì, kí gbogbo ara tó wá gbọ̀n. Nígbà tó rọlẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa. Kò sí ẹni tó ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ di mí lápá, ó ní, “Òsì ni.” Mo ní, “Òsì ni.” A ń wí i fún ara wa lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, omi ń bọ́ lójú wa, ẹ̀rín sì ń pa wá. Bí nọ́ọ̀sì bá pè wá nísinsìnyí, ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ìyàwó mi yìí sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú Ìbídùn tó padà wálẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀, kò rí aṣọ kankan tí wọ́n fi bò ó.

Ó ní, “Kí lẹ̀ ń wò?”

Ìyá rẹ̀ ní, “Ìwọ ni à ń wò.”